Òjé Inú Ìṣẹ́tí Aṣọ Ìrìbọmi

Orúkọ gbogbo wọn ló wà lórí ahọ́n mi. Bí ẹ bá jí mi lójú oorun, mo lè ka orúkọ ẹni gbogbo tí mo rán aṣọ ìrìbọmi fún, láti ìgbà tí ọkọ mi ti gba ìjọ ní Bàrígà títí di ọjọ́ tí wọ́n gba ìjọ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ orúkọ bàbá wọn, mo mọ ìlú tí wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ orúkọ ẹnì kankan síbí. Púpọ̀ nínú wọn ti kú, àwọn tó kù sì ní ọmọ tó mọ̀wé jù mí lọ. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà.

Ọkọ mi kú ní ìgbà òjò tó kọjá. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń wá kí mi, wọ́n á jókòó, wọ́n á mu omi, wọ́n á wá rọra béèrè pé, "Màmá, ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n ní bàbá ṣe nínú omi lọ́jọ́ yẹn?" Ó sú mi láti máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe rí nìyí.

Ìjọ wa kì í wọ́n omi sórí ènìyàn. Gbogbo ara la máa ń rì, láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kòtò ìrìbọmi wa wà lábẹ́ ibi ìwàásù gan-an. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ, ó ní àtẹ̀gùn lápá òsì, wọ́n wá fi pákó bò ó, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e lórí. Orí pákó yẹn ni ọkọ mi máa ń dúró sí wàásù. Ẹni tó bá jókòó níwájú á máa gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń ró nísàlẹ̀, bí ẹni pé ẹlòmíràn wà lábẹ́ ilẹ̀ tó ń wàásù kan náà.

Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ gidi. Àwọn tó kọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀ fi ìdọ̀tí àti lẹ́búlẹ́bú pákó dí ẹrẹ̀ ni. Ọ̀sà kò jìnnà sí ẹ̀yìn wa. Tí òjò bá pọ̀, omi a máa yọ láti ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀, a kò sì kà á sí nǹkan.

Èmi ni mo ń rán aṣọ funfun tí wọ́n fi ń wọ inú kòtò náà. Aṣọ yẹn gùn dé ọrùn ẹsẹ̀. Bí obìnrin bá fi ẹsẹ̀ kan omi, aṣọ á fẹ́ sókè bí agbòjò, ìtìjú á dé. Nítorí náà mo máa ń rán òjé sínú ìṣẹ́tí rẹ̀, òjé wẹ́wẹ́ tí àwọn apẹja ń so mọ́ ẹsẹ̀ àwọ̀n kó lè rì. Lọ́wọ́ àwọn ìyàwó apẹja létí ọ̀sà ni mo ti ń rà á. Bí ẹni tó wọ aṣọ náà bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, òjé á máa kan sìmẹ́ǹtì: kọ́, kọ́, kọ́. Ìró kékeré ni. Ẹlòmíràn lè má fetí sí i. Èmi ò lè gbọ́ ọ kí n ṣì í mọ̀.

Ọdún tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá ni obìnrin náà wá bá wa. Gbogbo ìjọ ló ń pè é ní Ìyàwó. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, eyín ti ń yọ lẹ́nu rẹ̀, Ìyàwó náà ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ká ìwé fún àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú. Lọ́dún yẹn, pósítà olóṣèlú ni wọ́n ń kó fún un láàárọ̀ lálẹ́, ó sì máa ń sọ pé òun ti fi àtàǹpàkò tẹ ojú gbogbo àwọn tó fẹ́ ṣe ìjọba mọ́lẹ̀, kò sí èyí tó yí padà nínú wọn. Lẹ́yìn pátápátá ló máa ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bí ẹnì kan bá bi í léèrè ìdí, á ní, "Èmi ni mo mọ gbogbo ẹni tó ń pẹ́ dé. Ẹ má jẹ́ n la ẹnu mi."

Ìdí tó fi ń jókòó síbẹ̀ ni pé ìyàwó kejì ni. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ bíríkìlà láti apá Ọ̀yọ́. Ìyálé rẹ̀ ti ṣe ìrìbọmi láti ìgbà ọmọge, ọmọ ìjọ tó dúró ṣánṣán ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìjọ wa ni pé ẹni tó bá wà nílé ọkọ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó kejì, a kò ní rì í, kò ní bá wa jẹ oúnjẹ Olúwa, bó bá kú, ìjọ kò ní sin ín. Àfi kó kó jáde nílé ọkùnrin náà. Ọkọ mi búra pé ẹ̀kọ́ yẹn ni òun yóò máa kọ́ ènìyàn, ọjọ́ tí wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló wá sílé wa ní Ṣómólú. Mo wà nídìí máṣíìnì.

"Pásítọ̀, mo fẹ́ kí ẹ rì mí."

Ọkọ mi ní, "Màmá, ẹ kúkú mọ ohun tí ìjọ ń wí."

"Mo mọ̀ ọ́n. Kí n kó jáde."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tí mo bá kó jáde, ta ni á gbé apá òsì?"

Ọ̀rọ̀ náà kò yé ọkọ mi. Obìnrin náà wá ṣàlàyé. Bàbá bíríkìlà ti já bọ́ láti orí ilé tó ń kọ́, láti ìgbà náà ni kò ti lè gbé ara rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ìyálé á gbé e lápá ọ̀tún, òun á gbé e lápá òsì.

"Ìyálé mi ń lọ sí àádọ́rin ọdún," ló wí. "Kò lè dá a gbé. Tí n bá lọ torí kí n lè di mímọ́, bàbá á máa sùn sínú ìtọ̀ nítorí ìmímọ́ tèmi. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni Olúwa wí, Pásítọ̀? Ẹ̀yin lẹ kàwé, mo kàn ń béèrè ni."



Obìnrin náà gbé ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn wá. Ó ti wú, ó ń dán. "Dókítà ní ọkàn mi ló ti rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yá díẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yín ni mo ń jókòó sí láti ọjọ́ yìí. Mi ò fẹ́ tún lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà lọ́hùn-ún."

Lẹ́yìn tó lọ, ọkọ mi dúró lójú fèrèsé pẹ́. Ó ní, "Gbogbo Bíbélì tí mo kà, mi ò rí ibi tí wọ́n ti ní kí ènìyàn fi aláìsàn sílẹ̀ kó tó lè wọ inú omi." Mo ní kó sọ ọ́ níwájú ìjọ. Ó ní òun á sọ ọ́.

Nínú ìjọ tiwa, gbogbo ọmọ ìjọ ló ń nawọ́ sókè dìbò lórí ẹni tí a máa rì. Ọkọ mi gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú wọn ní ìpàdé. Olórí àwọn díákónì ló dìde. Ó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè fẹ̀yìn tì, kì í ṣe ènìyàn búburú, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Pásítọ̀, ìyàwó kẹta ni ìyá tó bí mi. Ó bẹ ìjọ, ó sunkún, wọn kò rì í. Ó kú bẹ́ẹ̀. Bí a bá ri obìnrin yìí lónìí, ṣé kí n wá lọ sọ fún ìyá mi pé àṣìṣe ni wọ́n ṣe?"

Ìyálé ló dìde, ó fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ tẹ̀ka fún alága tó ní ìyàwó mẹ́rin, tádáwà ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ fi ọwọ́ yẹn náà dìbò fún ìyàwó mi."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fìbò sọ pé rárá. Ìyàwó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn níta, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọkọ mi délé, ó ní kí n rán aṣọ. Ó ní ní Ọjọ́bọ̀, láàárọ̀, tí ṣọ́ọ̀ṣì bá ṣófo, òun á rì í, kí ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀. Mo fi tépù wọn obìnrin náà. Ó ní, "Màmá Pásítọ̀, ẹ fi àyè sílẹ̀ níbi ikùn o, mo máa jẹun kí n tó wá." Nígbà tí mo rán an tán, ó gbé ìṣẹ́tí aṣọ náà, ó mì í, ó fetí sí òjé tó wà nínú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èyí dára. Wọ́n á mọ̀ pé mo ń bọ̀."

Ọjọ́rú ni olórí díákónì wá. Kò pariwo. Ó ní òun ti gbọ́ ohun tó wà nílẹ̀, bí ọkọ mi bá ṣe é, wọ́n á gba aṣọ àlùfáà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ìpàdé ọdọọdún àwọn àlùfáà kò pẹ́ mọ́, kí ló dé tí kò lè gbé e lọ síbẹ̀, kí wọ́n yí òfin padà kí gbogbo ayé lè mọ̀? Ọ̀rọ̀ náà ní làákàyè. Ohun tó burú nínú rẹ̀ nìyẹn.

Ìyàwó dé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ó ti di irun rẹ̀. Ọkọ mi bá a lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá wọn sọ ọ́."

Ó wo ọkọ mi. Ó ní, "Kò burú, Pásítọ̀. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn." Ó fi aṣọ náà sílẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ọkọ mi lọ sí ìpàdé àwọn àlùfáà. Ó dìde, ó sọ̀rọ̀, wọ́n ní kó jókòó. Kó tó padà dé, Ìyàwó ti kú. Àárọ̀ ni, wọ́n ń gbé bàbá kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyálé ní ṣe lòun rí i pé apá òsì wálẹ̀.

Ìyálé fúnra rẹ̀ ló wá gba aṣọ ìrìbọmi náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n kì í sin òkú pẹ̀lú aṣọ yẹn, mi ò gbọ́ ọ rí. Mo ní ó dáa, kó jẹ́ n kọ́kọ́ tú òjé inú rẹ̀. Ó di aṣọ náà mú.

"Má tú u. Ìwọ mọ̀ bóyá omi wà níbi tó ń lọ?"

Ìjọ kò sin ín. Itẹ́ òkú ìjọba ni wọ́n gbé e lọ. Ọkọ mi dúró láàárín wa pẹ̀lú bùbá àti ṣòkòtò, kò wọ aṣọ àlùfáà, kò gbàdúrà sókè. Òjé náà kan ẹ̀gbẹ́ pósí nígbà tí wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Gbogbo wa gbọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ọkọ mi ń wàásù lórí pákó. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn wọlé láti gbogbo fèrèsé. Mo wà níwájú. Mo gbọ́ kọ́. Ó dákẹ́. Kọ́, kọ́. Lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, lápá òsì, níbi tí àtẹ̀gùn wà. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ó dé ìsàlẹ̀, kò gòkè mọ́.

Ọkọ mi dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Ó wo ojú mi. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí ìyálé, ó ti gbé orí sókè, òun náà ń gbọ́.

Olórí díákónì ní eku ni. Nígbà tí kápẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, ó ní ọ̀sà ni. Ó mú kí wọ́n ṣí pákó. Omi ti wà nínú kòtò, ó mọ́ gaara, ẹnikẹ́ni kò pọn ọ́n síbẹ̀. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò. Ó ní kò ní iyọ̀. Olórí díákónì ní kí bíríkìlà wá tún sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Wọ́n rẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo tún gbọ́ ọ tó sọ̀ kalẹ̀. Ó dé ìsàlẹ̀, ó dúró.

Ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà ni ti bàbá bíríkìlà. Èmi ni mo ń lọ bá ìyálé gbé e láràárọ̀. Ó gbé apá ọ̀tún, mo gbé apá òsì. Mo ti bá wọn gbé aláìsàn rí, mo mọ bí ara tó rọ ṣe ń wúwo. Ṣùgbọ́n apá òsì bàbá kò wúwo. Bí mo bá na ọwọ́ sábẹ́ èjìká rẹ̀, á ti gbéra kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì kí n tó fi agbára sí i. Ìyálé rí ojú mi. Ó ní, "Má sọ̀rọ̀. Gbé e lọ." Bàbá náà, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, máa ń yí ojú sí apá òsì, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi ló ń wò, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ mi. Á ní, "Ìyàwó, rọra."

Mo sọ fún ọkọ mi nígbẹ̀yìn. Ó jókòó. Ó ní, "Èmi ni mo ní kó dúró. Kò ní kúrò níbẹ̀." Mo ní òkú ni, ìjọ wa kì í ri òkú, kò sí nínú ẹ̀kọ́ ìjọ kankan. Ó ní òun mọ̀. Ó ní àtìgbà tí òun ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà ni òun ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ ìrìbọmi dé. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Ọkọ mi wọ inú omi dé ìbàdí. Ó ri àwọn ọ̀dọ́ tí a dìbò fún, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń gòkè, ìjọ ń kọrin. Èmi ni mo dúró lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú aṣọ ìnura. Ẹni ìkẹyìn gòkè, orin parí, olórí díákónì ti dìde kó ṣe àdúrà.

Ọkọ mi kò jáde. Ó yíjú sí àtẹ̀gùn, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Mo gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Kọ́. Ó rékọjá mi. Kọ́, kọ́. Òtútù kan mí mọ́ mi ní orókún, ojú omi sì là díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń là fún ẹni tó bá wọ inú rẹ̀. Ọkọ mi di nǹkan mú. Ó pe orúkọ kan. Orúkọ tí wọ́n sọ Ìyàwó nílé bàbá rẹ̀ ni, tí kò sí ẹni tó pè é rí ní ìjọ náà, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Pásítọ̀," olórí díákónì ní, "ta lẹ fẹ́ rì?"

Ọkọ mi kò yíjú. "Ẹni tí mo ní kó dúró."

Ó máa ń sọ pé "mo rì ọ́" fún àgbà àti ọmọdé. Lọ́jọ́ náà ó ní, "Mo rì yín bọmi, ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́." Ó tẹ̀ ẹ́ rì. Apá rẹ̀ wọ omi, mo rí iṣan ọrùn rẹ̀ tó dìde. Ó gbé e sókè. Omi dà sílẹ̀ láti ibi tí kò sí nǹkan kan. Láti ẹ̀yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn níbi tí Ìyàwó máa ń jókòó sí, ìyálé dá orin tí a máa ń kọ fún ẹni tó bá gòkè. Òun nìkan ló kọ ọ́. Nígbà tó yá, mo gbè é. Olórí díákónì jókòó, ó fi ọwọ́ bojú. Mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ló ń rò.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá ìyálé gbé bàbá. Mo na ọwọ́ sábẹ́ èjìká òsì, mo gbé e, kò gbéra. Gbogbo ìwúwo rẹ̀ wá sí mi lápá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Bàbá wo ẹ̀gbẹ́ mi, ó wo ibẹ̀ pẹ́, ó pa ojú dé.

Ìyálé ní, "Ó ti lọ." Ó tún ọwọ́ dì. "Ó yá, gbé e. Ó ku àwa méjì."

Wọ́n gba ìjọ lọ́wọ́ ọkọ mi. Ìbò náà ni wọ́n fi gbà á. Yàtọ̀ sí èmi, ìyálé nìkan ló nawọ́ pé kó dúró. Kò bá wọn jà. A kó lọ sí yàrá kan lápá Pẹ́dírò, ó ń bá àwọn atẹ̀wé Ṣómólú yẹ àṣìṣe inú ìwé wò, kò gun orí àga ìwàásù mọ́ títí ó fi kú. Wọ́n ní kòtò náà gbẹ. Mi ò lọ wò ó.

Lẹ́ẹ̀kan péré ló sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi, nígbà àìsàn ìkẹyìn, ní ọ̀sán. Ó ní, "Ó wúwo. Ẹni tí kò sí kì í wúwo." Ó tún ní, "Ṣé o rò pé wọ́n gbà á?" Mo ní wọ́n gbà á. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?

Ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo rán aṣọ tí wọ́n fi sin ín. Mo rán ẹnì kan sí etí ọ̀sà kó bá mi ra òjé. Mo rán an sínú ìṣẹ́tí, yíká, ní méjìméjì, kó lè dún dáadáa. Àwọn ọmọ mi rò pé ọjọ́ orí ló ń dà mí láàmú, wọ́n fi mí sílẹ̀.

Sìmẹ́ǹtì ni ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Mo ti ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò. Lọ́sàn-án, tí àdúgbò bá rọ̀, màá pa rédíò, màá jókòó, màá sì máa fetí sílẹ̀. Títí di òní, mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan.